Ìyá Inú Dígí

Àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ń mí sínú ẹ̀rọ ara ilẹ̀kùn, àràárọ̀ ni iná pupa ń tàn: kòkòrò ikọ́ ọjọ́sí ṣì wà nínú èémí rẹ̀, kò gbọdọ̀ jáde. Ọjọ́ kan náà ni ikọ́ mú òun àti Ìbídùn orogún rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ kẹrin ni ara Ìbídùn ti lé tirẹ̀ lọ. Òun ló wá ń pọn ọmọ Àwẹ̀ró kiri níwájú dígí yàrá tí wọ́n sé Àwẹ̀ró mọ́.

“Ìyáálé mi, ẹ ṣe sùúrù,” ni Ìbídùn máa ń wí lórí ìkúnlẹ̀. Owú a mú kí Àwẹ̀ró kẹ̀yìn sí i.

Lọ́jọ́ kejìlélógójì, iná aláwọ̀ ewé tàn. Àwẹ̀ró sáré jáde. Ìbídùn tú ọ̀já, ó gbé ọmọ sílẹ̀ fún un. Ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá, ó lọ ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá dígí yàrá òfìfo, ó ń pe màmá rẹ̀.