Jó àbí Jò

Ní Sátidé kan ní ìparí ọdún 2007, Ọláńrewájú pa fóònù rẹ̀, ó sì ti fèrèsé ẹ̀yìn nítorí òórùn tó gbà pé ó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ Àmì Ohùn máa yan olórí.

"Dádì Ìyìn, ẹ ò ní gbé wa lọ síbi ìdánrawò akọrin?" Láídé ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ẹ wọ ọ̀kadà. Ìdí ìbò ni mo wà."

"Ìbò àwọn tí ẹ ò rí sójú rí?"

"Tí mo bá di olórí, wàá bọ̀wọ̀ fún mi."

Láídé pòṣé, ó fa Ìyìn lọ́wọ́, wọ́n gba Festac lọ.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ẹgbẹ́ náà wà. Iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa jà lórí àmì tó yẹ kó wà lórí ọ̀rọ̀. Wọ́n ti lé obìnrin kan jáde rí nítorí pé ó kéde ikú bàbá rẹ̀ láìfàmì sí i. Ọláńrewájú ló dábàá rẹ̀. Kí ìbò rẹ̀ lè pọ̀, ó ti fipá forúkọ ìdajì àdúgbò rẹ̀ ní Abúlé Adó sílẹ̀.

Òun àti Débọ́lá ló ń du ipò. Àdéhùn ni pé ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè ju gbólóhùn tí kò lámì sílẹ̀. Ẹni tó bá fàmì sí i dáadáa jù ni wọn máa dìbò fún.

Jùwọ́nlọ, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ kọ̀wé: "Epo n jo leyin ile yin."

Inú Ọláńrewájú dùn. Gbólóhùn náà rọrùn lójú, ó sì kún fún ẹ̀tàn.

"Epo ń jò," Débọ́lá kọ. "Ó parí."

"Ẹ rọra, ọ̀gbẹ́ni," Ọláńrewájú fèsì. "Epo kì í jò, agolo ló ń jò. Èpò ń jó lẹ́yìn ilé yín. Ọyẹ́ ti dé, wọ́n ń sun igbó."

"Ta ló ń kéde pé wọ́n ń sun igbó?"

"Ta ló kọ́ yín ní Yorùbá? Kọ̀ńdọ́ Mile 2?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mojísọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́, béèrè ẹni tí wọ́n ń fi "yín" bọ̀wọ̀ fún. Ọláńrewájú kọ ìpínrọ̀ gígùn lórí ìyẹn. Ariwo sọ ní títì. Ó sún àga mọ́ kọ̀ǹpútà.

Jùwọ́nlọ tún fi gbólóhùn kan náà ránṣẹ́, ní lẹ́tà ńláńlá. Mojísọ́lá pa á rẹ́. Ó ní òfin ẹgbẹ́ ò gba àsọtúnsọ.

Wọ́n dìbò. Èpò borí epo.

"Ẹ kú oríire, Olórí," Mojísọ́lá kọ. "Ẹ bá wa sọ̀rọ̀."

Ọláńrewájú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ó ń fàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná lọ. Ó ṣépè fún àwọn oníná, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí jẹnẹrétọ̀ wà.

Nínú káfẹ́ kan ní Festac, Jùwọ́nlọ, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Ọláńrewájú, tó sì ti pè é títí lórí fóònù lẹ́yìn tó sá fún páìpù epo tó bẹ́ lẹ́yìn ilé wọn, tẹ̀ ẹ́ pé, "Egbon Lanre, e ma tan jenereto o," Débọ́lá sì bi í bóyá "má" ni àbí "máa."