Ohun Tí Fàrúkù Fi Sísàlẹ̀ Agbọ̀n Obì

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìbọn.

1. Fàrúkù, ọmọ Àjọkẹ́ olóbì ní Sábó, Ṣàgámù, ń wa bàálù akérò. Iṣẹ́ náà wù ú dọ́kàn, àmọ́ ó gbọ́n lójú ara rẹ̀. Gbogbo ibi tó bá jókòó sí ló ti ń sọ pé ó yẹ kí awakọ̀ bàálù máa gbé ìbọn.

"Màmá, bí jàǹdùkú bá já wọlé bá mi lókè, ṣé ife tíì ni kí n jù lù ú?"

"Ọmọ mi, ọwọ́ tó ń wa bàálù náà ló tún fẹ́ yìnbọn? Ta ni yóò wá máa gbé èrò?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìbọn ò lè ṣìnà lọ́wọ́ mi."

2. Kò dúró de òfin. Ó ra ìbọn ìléwọ́ kan láìgbàwé àṣẹ, ó gbé e wálé nígbà ìsinmi. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kún ilé, ló bá rì í mọ́ ìsàlẹ̀ agbọ̀n obì kan, ó fi ewé bò ó, ó gba Ìpẹru lọ kí ọ̀rẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n! Ọmọ olóbì gbàgbé òwò ìyá rẹ̀.

3. Ẹni tó ń ra obì kì í wo ojú agbọ̀n nìkan. Yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, kí wọ́n má baà fi èyí tó dára bo èyí tó ti bàjẹ́. Alhaji Yúnúsà, oníbàárà Àjọkẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún, wá ra obì lọ́jọ́ náà, ó sì ti ọwọ́ bọ agbọ̀n tí ìbọn wà. Ó kan irin. Ó fà á.

Gbàù!

Ọta lu páànù òrùlé. Ọlọ́run ṣeun, kò ba ẹnì kankan. Alhaji jókòó sílẹ̀.

"Ìyá Fàrúkù, kí ni mo ṣe fún yín?"

Àjọkẹ́ bú sẹ́kún. "Ọgbọ̀n ọdún! Ẹ ò bá ohun tó bàjẹ́ nísàlẹ̀ agbọ̀n mi rí!"

4. Ọlọ́pàá gba ìbọn. Ilé iṣẹ́ bàálù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Fàrúkù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Alhaji, bàbá náà sì dárí jì í.

Lónìí, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló ti ń ṣa obì. Ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó tiẹ̀ ti sanra. Bí Alhaji bá ti fẹ́ ti ọwọ́ bọ agbọ̀n, á béèrè pé, "Fàrúkù, ṣé kò sí nǹkan?"

"Obì nìkan ni, bàbá."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí bàálù bá ń kọjá lókè Sábó, Fàrúkù á gbójú sókè, á máa wò ó títí tí kò fi ní rí i mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí ẹ fi ìbọn sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ewu tí Fàrúkù ń retí lójú ọ̀run, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wọlé. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.