Lẹ́tà Tí Yèyé Kà Fún Ọlọ́pàá

Ọdún 1998, lábúlé wa nítòsí Ògòtún. Ọlọ́pàá méjì já wọlé.

“Ta ló kọ lẹ́tà pé ọsibítù yín ò ní nọ́ọ̀sì?”

Mo sá sẹ́yìn Yèyé, ìyá bàbá mi.

“Èmi ni,” Yèyé dáhùn.

“Kà á ká gbọ́!”

Ó gbà á. Ohùn tó fi ń ka Sáàmù ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi kà á, látorí àwọn aboyún tó kú títí dé “èmi ni tiyín ní tòótọ́”.

Mo gbàdúrà sínú: Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n yí wá sẹ́yìn wa!

Wọ́n lọ.

Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà, mo sì kà á sí Yèyé létí títí ó fi mọ́ ọn lórí. Ó dorí kodò lọ́wọ́ Yèyé.

“Fẹ́yìsayọ̀, lọ gba fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tó mọ ùwé ni kó dúró níwájú.”