Ilé Tó Ń Gbóná Látilẹ̀ ní Lakowe

Ọládayọ̀ kì í jalè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú ayé ni àìsàn tirẹ̀. Ohun tí ará òde bá wí ló ń gbọ́, kì í gbọ́ ti ará ilé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ títì tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lójú ló ti ń kó iyanrìn fún àwọn tó ń kọ́lé lọ́nà Ajah. Iṣẹ́ náà gbè é, ó sì kọ́lé sínú ẹ̀sítéètì kan ní Lakowe, ó mú ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀.

Lọ́dún kan, ó lọ kí ọmọ rẹ̀ Ọlábùnmí nílùú òyìnbó, ní ìgbèríko kan tí yìnyín ti ń bọ́. Ààrò onírin kan wà ní pálọ̀ ọmọ náà. Wọ́n ń ki igi bọ̀ ọ́, ooru rẹ̀ sì ń mú omi inú páìpù gbóná lábẹ́ ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán ni èèyàn ń fi rìn nínú òtútù. Bí Ọládayọ̀ ṣe padà dé, ó ní irú rẹ̀ gan-an lòun fẹ́.

Rẹ̀míláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Bàbá Bùnmí, òtútù wo la fẹ́ lé ní Lakowe? Fáànù là ń wá."

"Orúnkún Màmá máa ń dùn wọ́n lásìkò òjò. Nítorí wọn ni."

Kì í ṣe nítorí Màmá. Ọkàn rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ṣe ààrò náà tán. Páìpù tó ń gbé èéfín jáde yọ sókè ju òrùlé lọ, bó ṣe yẹ kó rí. Làwọn aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀fẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó ní kí wọ́n ta búrẹ́dì gbígbóná fún òun. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọládayọ̀ lára. Ó pe Sùlè wẹ́dà pé kó gé páìpù náà kúrú, kó sì yí ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tójú ò ti ní tó o. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé Màmá ló bọ́ sí.

"Èéfín á máa wọlé bá wọn," ni Rẹ̀míláyọ̀ wí.

"Kí wọ́n máa ti fèrèsé."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀, ó pe àwọn àgbà ẹ̀sítéètì àtàwọn àna rẹ̀ wá wo ilé. Ó ki igi bọnú ààrò bí ẹni tó ń se àsè. Àwọn àlejò bọ́ bàtà, wọ́n tẹ ilẹ̀ gbígbóná, wọ́n yìn ín. Kò pẹ́, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń fi í fẹ́ra. Òógùn bo bàbá ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà kò fẹ́ dójú ti ọkọ ọmọ rẹ̀.

Rẹ̀míláyọ̀ dìde. "Mo ń gbóòórùn èéfín. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo Màmá."

Ọládayọ̀ sọ̀rọ̀ sí i létí. "Jókòó. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní ilé mi ń rú èéfín ni? Màmá ń sùn."

Rẹ̀míláyọ̀ jókòó. Ọládayọ̀ fúnra rẹ̀ ti gbóòórùn èéfín náà. Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò, ó tún ki igi mìíràn bọ̀ ọ́.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Nígbà tí Rẹ̀míláyọ̀ kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sáré lọ ṣí yàrá ìyá. Èéfín tú bò ó lójú. Màmá nà gbalaja lórí ibùsùn, wọn kò dáhùn. Àwọn àlejò yẹn ló gbé wọn jáde sínú òjò láìwọ bàtà, bàbá ìyàwó sì bọ́ agbádá rẹ̀ bò wọ́n. Ọládayọ̀ ń tẹ̀ lé wọn, ó sorí kọ́. Kò sẹ́ni tó bú u. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Màmá kò kú. Àmọ́ dókítà ní afẹ́fẹ́ burúkú inú èéfín ti ba ọpọlọ wọn jẹ́. Ṣèyílọ́lá, àbúrò Ọládayọ̀, kò bá a jiyàn. Ó kó ẹrù Màmá, ó gbé wọn lọ sílé tirẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó. Ọládayọ̀ wó ààrò náà. Lẹ́yìn náà ló ra ọsàn, ó lọ kí ìyá rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá wò ó títí. Wọ́n sún lórí àga bí ẹni ń fàyè sílẹ̀ fún èèyàn ńlá.

"Ẹ dìde, sà. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ẹ wá jókòó síbí. Ọmọ mi ọkùnrin ò ní pẹ́ dé, ó fẹ́ràn àlejò púpọ̀."

Ọládayọ̀ kò lè dìde. Ìyá tó bí i ló ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò fara sin. Ohun tó yẹ ará ìlú òtútù lè má yẹ ará etí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbóná kọ́ ló ba ayé Ọládayọ̀ jẹ́. Ó ń sá fún ẹ̀sín òde, ó sì lọ kó ìtìjú wọnú ilé. Ẹni tó bá ń bo èéfín mọ́lẹ̀ nítorí àlejò, ará ilé rẹ̀ ni yóò fà á símú. Bí aráyé bá ń fi wá rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ẹ̀rín a máa tán lẹ́nu. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, òun ni kì í tán.