Baba Òṣùwọ̀n Ń Wá Láptọ́ọ̀pù Ìrìn-Àjò

Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Òṣùwọ̀n fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọn ẹrù nílé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó wọ ilé rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n. Ó wọn ọṣẹ. Ó wọn bàtà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí òkè òkun, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé kílò mélòó ni.

Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, Baba Òṣùwọ̀n kò sì tíì gbé e rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ síwájú nítorí òun fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ló kù, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti wí fún un pé bí èyí bá tún yẹ̀, kí ó jókòó sílé kí ó máa wo fọ́tò. Síbẹ̀ Baba Òṣùwọ̀n ní òun ò ní gbéra láìní láptọ́ọ̀pù kékeré kan, tó fúyẹ́, tí kò sì wọ́n, tí òun á máa fi ka ìròyìn, tí òun á sì máa fi wo bọ́ọ̀lù lọ́nà.

"Èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́?" ìyàwó rẹ̀ bi í láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ń wò ó láti òdì kejì tábìlì ìjẹun. Súwẹ́tà ló wọ̀, bẹ́ẹ̀ òógùn ń bo ọkọ rẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ògbólógbòó yẹn? Bátìrì ẹ̀ ti kú, bí wáyà bá ti yọ, ó parí. Ó tún wúwo bí ọlọ. Jẹ́ n gbé e sórí òṣùwọ̀n kí o fojú ara ẹ rí i."

"Ẹ má dán an wò. Ìgbà tí ẹ yọ wáyà ẹ̀ níjẹta, àárín ọ̀rọ̀ mi lẹ gé. Ta ló tiẹ̀ ń wọn ohun tí kò fẹ́ gbé?"

"Ìwọ lò ń kánjú."

"Èmi kọ́, Bàbá wọn. Ọmọ ló ń kánjú. Ó ti hu eyín mẹ́rin. Kí ẹ tó rí láptọ́ọ̀pù tó wù yín, á ti máa fi wọ́n jẹ eegun."

Baba Òṣùwọ̀n yínmú. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó fọ ife kan àti àwo kan, ó fi aṣọ wé òṣùwọ̀n, ó jáde.

Ọmọbìnrin kan ló ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé láptọ́ọ̀pù mẹ́ta síwájú bàbá, ó ń wo bó ṣe ń fi bébà ẹrù di àkọ́kọ́, tó fi okùn dè é ní ìlà méjì.

"Bàbá, ẹ ò tíì rà á."

"Ẹrù tí wọn ò dì, wọn kì í wọ̀n ọ́n."

"Kílò kan ni wọ́n kọ sára páálí."

"Ṣájà ẹ̀ ńkọ́? Àbí ṣájà á fẹsẹ̀ rìn bá mi níbẹ̀?"

Ó tú u, ó wo bọ́tìnnì rẹ̀. "Ta ló fẹ́ tẹ èyí, alángbá?" Ó fọwọ́ kan ìkejì. "Èyí gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Aṣọ ni mo fẹ́ fi lọ̀ ni?" Ó tan ìkẹta, ó dúró, ó dúró. "Èyí ò tíì gbọ́ pé ilẹ̀ ti mọ́."

"Bàbá, ṣé láptọ́ọ̀pù lẹ wá rà ni àbí ìyàwó?"

"Ìyàwó tí mo fẹ́, mi ò wọ̀n ọ́n. Òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n."

"Kí màmá náà wá wò ó nígbà náà."

"Kò ráyè."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ, tó ṣe bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, agogo mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ó ń ka àbùkù láptọ́ọ̀pù méje fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà ń yán.

"Aṣàjù ní í ṣa èyí tó fọ́," ó ní. "Oorun ń kùn mí. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ ṣe, ẹ jí mi."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló gbé e délé. Òun ló kéré jù ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì rẹlẹ̀ jù lówó. Pẹ̀lú ṣájà, bébà àti okùn, kò pé kílò kan ààbọ̀.

"Ẹ gbé e sún mọ́ mi kí n rí i." Ó gbé e sí iwájú rẹ̀ gan-an. Obìnrin náà wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Odidi ọjọ́ mẹ́rin, àwo ìjẹun ọmọdé lẹ gbé bọ̀."

"Ó fúyẹ́."

"Ìyẹ̀fun náà fúyẹ́. Ṣé ó ń tan?"

"Ó ń gbìyànjú."

"Ọ̀la mà ni o, Bàbá wọn. Ṣé ẹ ti di àpótí?"

"Jẹ́ n kọ́kọ́ dán nǹkan kan wò ná," Baba Òṣùwọ̀n ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Bí kò bá ṣeé ṣe, mi ò lọ síbì kankan."

Ó nawọ́ sí òdì kejì tábìlì, ó fa wáyà ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù yọ, ìyàwó rẹ̀ sì parẹ́ kúrò lójú rẹ̀, ilé dákẹ́ títí èyí kékeré fi dún lórí itan rẹ̀, tí ojú ìyàwó rẹ̀, tó ti lọ bá wọn tọ́mọ lókè òkun láti oṣù mẹ́jọ, tún yọ níbẹ̀, tí ọmọ náà ń nawọ́ gbá bàbá àgbà rẹ̀ lójú, Baba Òṣùwọ̀n sì ní, "Mo rí ẹ, mo lè máa bọ̀ báyìí."