Anselme Oníkánjú àti Ọtí Tó Sùn

Ìkánjú ni àrùn Anselme Coudray, kò sì sí oògùn tó ràn án. Kì í jalè, ọ̀yàyà rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ń se ẹyin, kò ní jẹ́ kí omi hó kó tó fẹ́ bó o.

Wáìnì ló ń pọn ní ìlú kékeré kan létí odò Loire nílẹ̀ Faransé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní igi àjàrà kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ Màmá Perrine, opó kan tí kì í jẹ́ kí kẹ́míkà kan ọgbà rẹ̀, ló ti ń ra èso. Kì í fi ṣúgà sí ọtí, kì í fi oògùn sí i. Yóò fún èso, yóò rọ ọ́ sí àgbá kó máa hó fúnra rẹ̀, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Èyí ló fi ń yangàn káàkiri.

Ní ìlú náà, wọn kì í kọ ìwé àdéhùn lórí àjàrà. Lọ́jọ́ àjọ̀dún Vincent Mímọ́, alágbàwí àwọn tó ń ṣe wáìnì, nínú oṣù kìn-ín-ní, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ́ ọtí wò, ẹni tó ni ọgbà yóò bọ ẹni tí yóò ta èso ọdún náà fún lọ́wọ́. Ẹni tí wọn kò bá bọ̀ lọ́wọ́, kó yáa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Lọ́dún kan, Anselme fẹ́ gbé ọtí èso tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká wá síbi àjọ̀dún náà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń gbé èyí tó ti lò ju ọdún kan lọ wá. Nígbà tí òtútù mú gan-an ṣáájú Kérésìmesì, ọtí kò hó mọ́ nínú àgbá. Inú rẹ̀ dùn.

"Màmá, ọtí ti dákẹ́! Mo fẹ́ rọ ọ́ sígò."

Màmá Perrine tọ́ ọ wò, ó mi orí. "Adùn èso ṣì wà nínú rẹ̀. Kò tíì parí, òtútù ló mú un sùn. Fi í sílẹ̀ títí ooru yóò fi dé."

"Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ̀rù ń bà yín jù!"

"Hẹn-ẹn! Ìwọ tó o ní o kì í da ọtí láàmú, kí ló wá dé tó o ń lé e jáde nílé?"

Anselme rẹ́rìn-ín, ó sì rọ ọ́ sígò. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Ó tún tètè kó àwọn ìgò náà lọ sí gbọ̀ngàn àjọ̀dún, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ààrò tó ń mú ibẹ̀ gbóná. Ọtí tó sùn rí ooru, ó jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ìgò tí a ti dé pa.

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ láàárọ̀, yóò ṣẹ lálẹ́. Bí olórí ìlú ti dìde láti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún, ìgò kan dún gbòà! Èdídí rẹ̀ fò, ó gba fìlà kúrò lórí olórí ìlú. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, òmíràn ti dún, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Wáìnì rin Fádà tó dúró nítòsí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ má bínú, Fádà!"

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí?" Fádà ń nu ojú. "Ìrìbọmi mi ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí, ó sì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ!"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Màmá Perrine pàápàá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Anselme rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, ó na ọwọ́ sí i. Màmá kò bọ̀ ọ́.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ. Àmọ́ mi ò ní fi odidi ọdún tọ́jú èso kó o wá fi í fọ ilẹ̀."

Ó kọjá lọ bọ Maëlle lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan tóun náà ń pọn wáìnì, tí ọtí tuntun tirẹ̀ ṣì ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ nínú àgbá nílé. Ojú ti Anselme, ó sì dùn ún wọra.

Nígbà ìkórè, kò ní èso kan láti fi pọn ọtí. Maëlle ló ṣàánú gbà á síṣẹ́. Anselme ló ń fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọn apẹ̀rẹ̀ àjàrà Màmá Perrine lọ sí ilé ẹlòmíràn. Bó bá sì ti fẹ́ sáré, àwọn obìnrin tó ń já èso á pariwo pé, "Rọra o, Anselme! Má jẹ́ kó bú lẹ́yìn rẹ!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi ti Anselme kọ́gbọ́n. Ohun tó dákẹ́ kọ́ ni ohun tó parí. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sí ọwọ́ Ọlọ́run, kó má tún máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ taari Ọlọ́run. Bí àgbà bá ní ká dúró, ẹ jẹ́ ká dúró, nítorí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.