Mítà Tó Ń Ka Òdo

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí gan-an ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó máa pe ara rẹ̀ ní Zacharie, kí ìtìjú náà lè rí ibòmíràn jókòó sí.

Zacharie ń tún fíríìjì ṣe ní Pobè. Lọ́dún tó kọjá, ó tú àwọn fíríìjì àtijọ́, ó fi wọ́n kan ẹ̀rọ kan tí ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ sínú omi. Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ní Sakété, ó so ó mọ́ dúrọ́ọ̀mù kan tó ní ìdérí. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tó bá lọ kí ìyá rẹ̀, omi gbígbóná ló ń bá lẹ́nu táàpù. Nǹkan kan ṣoṣo ni ìyá náà bẹ̀ ẹ́.

"Máa pè mí kí o tó máa bọ̀, kí n lè wá nǹkan tí wàá jẹ sílẹ̀."

Zacharie sì ń pè é.

Ẹnu rẹ̀ kò sinmi mọ́. Ó ń fọ́nnu nípa ẹ̀rọ náà níbi ìkómọ, ó ń fọ́nnu nípa rẹ̀ nílé òkú. Ọ̀rọ̀ dé etí Marcelline, agbẹ̀bí tó ní ilé ìgbẹ̀bí ní Pobè, tó ń wá omi gbígbóná fún àwọn abiyamọ rẹ̀.

"Ẹnu kọ́ la fi ń gbé omi kaná, Zacharie," ni Marcelline wí. "Fi mítà ooru sí i. Ní ọ̀sán Sátidé, màá bá ọ lọ wò ó. Bí mítà bá ka ooru, iṣẹ́ ti di tìrẹ. Bí kò bá kà á, Hermann ni màá pè."

Abẹ́ Zacharie ni Hermann ti kọ́ṣẹ́. Zacharie lè fara da ebi, ṣùgbọ́n kò lè fara da Hermann.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó pe ìyá rẹ̀, ó sì gba Sakété lọ. Ó ra mítà lọ́wọ́ Ládiípọ̀, oníṣòwò ará Nàìjíríà kan lọ́jà. Mítà náà ní wáyà méjì: ó so ọ̀kan mọ́ páìpù tí omi ń gbà wọ inú ẹ̀rọ, ó so èkejì mọ́ èyí tí omi ń gbà jáde. Iye tí èkejì bá fi gbóná ju àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn ni ooru tí ẹ̀rọ fi kún omi. Ó tan ẹ̀rọ. Fáànù ń yí, omi ń sáré. Mítà ka òdo.

Ó fọwọ́ kan páìpù méjèèjì. Méjèèjì gbóná.

"Ìyá mi, ẹ wá wò ó. Páìpù ń jó mi lọ́wọ́, mítà ní òdo. Irọ́ ni mítà yìí ń pa."

Ìyá rẹ̀ nu ojú rẹ̀ tó pọ́n. "Kí ni mítà mọ̀? Gbé e sọnù, jàre."

Ó pààrọ̀ wáyà ọ̀tún sí òsì. Òdo. Ó tú afẹ́fẹ́ inú páìpù dànù. Òdo. Ó nawọ́ síwájú fáànù: atẹ́gùn tó yẹ kó tutù kò tutù. Ó ní oòrùn ló fà á. Bó ṣe ń padà sẹ́yìn, ó kọsẹ̀ lára òkìtì igi ìdáná, ojúgun rẹ̀ bó.

"Èétirí, ìyá mi? Kí lẹ fẹ́ fi igi tó báyìí ṣe?"

"Epo ni mo fẹ́ sè."

Kò sí ẹyìn kan ṣoṣo nílẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ wa ra ojúgun rẹ̀, ó sì padà sídìí wáyà.

Nígbà tó sú u, ó gbé mítà padà lọ bá Ládiípọ̀, ó ní ó ti kú. Ládiípọ̀ ti wáyà kan bọ inú tíì tó ń mu, ó ti èkejì bọ omi tútù. Mítà ka ọgbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, mítà ò kú. Ẹ lọ yẹ ẹ̀rọ yín wò."

"Ẹ̀rọ tí èmi fọwọ́ ara mi kàn?"

"Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí," ni Ládiípọ̀ wí, ó sì mu tíì rẹ̀.

Inú bí Zacharie délé. Ó ronú títí, ó wá rí i: oòrùn Sakété ló ń da mítà láàmú. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀ ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó gbóná, mítà á sọ òótọ́. Ó ṣàlàyé fún Marcelline bí ọ̀jọ̀gbọ́n, Marcelline sì gbà. Ní Sátidé, wọ́n gun ọ̀kadà kúrò ní Pobè kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọ̀sán Sátidé ló ti sọ fún ìyá rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ pé àwọn ń bọ̀, kò sì pè é láti sọ pé ó ti di ìdájí. Ó ní kò dáa kéèyàn máa jí arúgbó lójú oorun.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n bá ìyá rẹ̀ lórí àpótí, ìdérí dúrọ́ọ̀mù wà nílẹ̀, ààrò mẹ́ta ń jó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń da ìkòkò omi híhó sínú ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀, ó sì wò wọ́n nínú èéfín, ó ní, "Zacharie, ṣé mi ò ní kí o máa pè mí kí o tó máa bọ̀ ni?"